Wákàtí Mélòó ni Láti Súrùlérè dé Lọ́ńdọ̀nù?

Bí ẹ bá bi ọmọ ilé-ìwé kan ní Yábàá pé wákàtí mélòó ni ọkọ̀ òfurufú ń lò láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, kíá ni yóò dá yín lóhùn pé wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ ni. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìyá yín ni ó fẹ́ rin ìrìn-àjò náà, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí wọ́n sì ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ìdáhùn ọmọ náà kò ní ṣe yín láǹfààní púpọ̀. Ohun tí ojú wa rí nílé wa ní oṣù Kejìlá ọdún kan ni ó là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rò pé ó yẹ kí n sọ ọ́ fún yín, nítorí pé agbára káká ni ẹ ó fi rí àdúgbò kan ní Súrùlérè tàbí ní Múṣin tí kò sí ìyá kan níbẹ̀ tí ń di ẹrù láti lọ wẹ ọmọ-ọmọ lókè òkun.

Ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin ni ó bímọ ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ìyá wa sì ní láti lọ tọ́jú ọlọ́mọ. A ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí a kọ sínú rẹ̀ kò ṣòro láti kà: ọkọ̀ yóò gbéra ní Ìkẹjà ní agogo 11:30 alẹ́, yóò sì balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní agogo 5:00 ìdájí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí í ṣe tíṣà, ni ó bá wa ṣírò rẹ̀. Láti agogo 11:30 sí agogo 5:00, wákàtí márùn-ún àtààbọ̀. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rántí bi ara rẹ̀ pé agogo ta ni?

Nígbà tí ó di agogo márùn-ún ìdájí, gbogbo wa ti jí, a ti jókòó sí pálọ̀. A pe fóònù ìyá wa, kò wọlé. A tún un pè, kò wọlé. Nígbà tí agogo márùn-ún fi kọjá ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀gbọ́n mi ti kúnlẹ̀ àdúrà, omijé sì ti ń dà lójú rẹ̀. Aládùúgbò wa tí ó gbọ́ ohùn wa ti wọ bàtà, ó ní òun yóò bá wa dé Ìkẹjà lọ béèrè. Níkẹyìn ni ó wá sí wa lọ́kàn pé kí a pe àbúrò wa tí ó yẹ kí ó lọ pàdé wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé? Bàtà ni mo ń wọ̀ lọ́wọ́ báyìí. Agogo mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni níbí. Mọ̀mí kò tíì balẹ̀, ó ku nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú.”

Ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí eékún rẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àwa ìbá fi ìyẹn rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ti ṣe ohun tí ó burú jù lọ sí ìyá wa lọ́hùn-ún. Nílé, agogo méje àárọ̀ ni wọ́n máa ń lo oògùn wọn, oúnjẹ a sì ti wà níwájú wọn. Àwa náà ni a sọ fún wọn pé bí aago ọwọ́ wọn bá ti lu méje, kí wọ́n lò ó, nítorí nígbà náà wọn ó ti wà nílé ọmọ wọn, wọn ó ti máa jẹun. Agogo méje Èkó lu. Ìyá wa gbọ́ràn sí wa lẹ́nu, wọ́n gbé oògùn mì. Ibo ni wọ́n wà? Lórí ìlà gígùn àwọn tí ń dúró de ẹni tí yóò yẹ pásípọ́ọ̀tù wọn wò ni. Oúnjẹ inú ọkọ̀ tí wọ́n gbé fún wọn lóru, wọn kò fẹ́ràn rẹ̀, wọn kò fẹnu kàn án. Kò pẹ́ tí òógùn fi bò wọ́n, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí ojú wọn sì ń ṣú. Obìnrin kan tí ó tò sẹ́yìn wọn, tí a kò mọ̀ títí di òní, ni ó fi ọgbọ́n mọ̀ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni ó lọ sílẹ̀. Ó ṣí ìgò ohun mímu dídùn kan, ó fi sí wọn lẹ́nu. Ọlọ́run ni ó yọ wá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu láti mọ bí a ti ń wọn ìrìn-àjò.

ÒWÚ ÌRÁNṢỌ ÀTI AYÉ RÓBÓTÓ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí jíjìnnà ọ̀nà, nítorí òun ni ó rọrùn jù, ó sì jẹ́ ohun tí ẹ lè bá àwọn ọmọ yín ṣe lórí tábìlì oúnjẹ ní ọ̀sán Sátidé. Ẹ wá àwòrán ayé róbótó, èyí tí a ń pè ní gílóòbù. Ẹ mú òwú ìránṣọ, ẹ fi ìdí rẹ̀ kan Èkó, kí ẹ fà á le títí dé Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ sì fi téèpù ìdíwọ̀n tí aránṣọ ń lò wọn òwú náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi òwú mìíràn yí gílóòbù náà po ní àárín ìdí rẹ̀, kí ẹ wọn òun náà. Gbogbo yíyíká ayé jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 40,000. Bí gílóòbù yín bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, yíyíká rẹ̀ yóò tó sẹ̀ǹtímítà 94, èyí tí ó túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ dúró fún nǹkan bí kìlómítà 425. Òwú Lọ́ńdọ̀nù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 12. Òwú New York yóò tó 20. Ti Houston, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí gan-an, yóò tó 24 àtààbọ̀. Nítorí náà, Lọ́ńdọ̀nù jìnnà sí wa ní nǹkan bí kìlómítà 5,000, New York ní nǹkan bí 8,450, Houston sì lé ní 10,400.

Ẹ má ṣe fi máàpù pẹlẹbẹ tí a kàn mọ́ ògiri ṣe iṣẹ́ yìí. Ayé kò tẹ́ bí ẹní. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ́ èèpo ọsàn sílẹ̀ lórí tábìlì yóò rí i pé àfi kí ó ya tàbí kí ó fẹ̀ níbi kan. Bẹ́ẹ̀ ni máàpù ògiri ṣe ń fẹ àwọn ìlú tí ó wà ní òkè réré lójú ju bí wọ́n ti rí lọ. Bí ẹ bá fi rúlà fa ìlà láti Èkó dé New York lórí máàpù bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì fa òwú lórí gílóòbù, ẹ ó rí i pé òwú náà gba apá àríwá ju ìlà rúlà lọ. Òwú ni ó sọ òótọ́, ọ̀nà òwú sì ni awakọ̀ òfurufú ń fẹ́ gbà bí kò bá sí ìdínà.

Ní ti Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí kò ní gílóòbù pàápàá lè rí ìdáhùn pẹ̀lú ìwé àti bíírò. Àwọn onímọ̀ pín yíyíká ayé sí ọ̀nà 360, wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dígírì. Bí ẹ bá fi 360 pín kìlómítà 40,000, dígírì kan jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 111. Èkó wà ní dígírì 6 àtààbọ̀ sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì lágbedeméjì. Lọ́ńdọ̀nù wà ní dígírì 51 àtààbọ̀. Orí ìlà kan náà láti gúúsù sí àríwá ni ìlú méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ó ku 45. Ẹ fi 111 sọ ọ́ di púpọ̀: 4,995. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí tí ó sì bọ́ sí i, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo dá ilẹ̀ ayé.

Ọkọ̀ òfurufú ńlá òde òní ń sáré tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan nígbà tí ó bá ti gun òkè tán. Ṣùgbọ́n ó ń rọra rìn nílẹ̀ kí ó tó gbéra, ó sì ń dẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó bá fẹ́ balẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi 850 pín iye kìlómítà, kí ẹ sì fi ààbọ̀ wákàtí kún un. Lọ́ńdọ̀nù yóò fún yín ní wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀, tàbí kí ó dín díẹ̀. Fún Amẹ́ríkà, ẹ tún fi nǹkan bí wákàtí kan lé e ní àlọ, nítorí afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè tí ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Ó ń dojú kọ ọkọ̀ ní àlọ, ó sì ń tì í lẹ́yìn ní àbọ̀. Ìdí nìyí tí àlọ sí New York fi máa ń tó wákàtí 11 àtààbọ̀, tí àbọ̀ kì í sì í ju 10 àtààbọ̀ lọ.

Ọ̀nà òfurufú pàápàá lè dí bí ọ̀nà Òṣòdì. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní orílẹ̀-èdè Niger ní oṣù Keje ọdún 2023, wọ́n ti òfurufú wọn pa láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Orí ilẹ̀ wọn sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń ti Èkó lọ sí Yúróòpù ń gbà kọjá lọ sí aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní oṣù náà, wọ́n ní láti yí gbà ibòmíràn, ìrìn-àjò sì gùn sí i, bẹ́ẹ̀ kìlómítà kan ṣoṣo kò kún àárín Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù.

AGOGO TA NI?

Ibi tí àṣìṣe wa ti wá nìyí. Gbogbo aago tí a kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí a dárúkọ ni. Aago ìgbéra jẹ́ ti Èkó, aago ìbalẹ̀ jẹ́ ti ìlú tí ẹ ń lọ. Ní oṣù Kejìlá, aago Èkó fi wákàtí kan ṣáájú ti Lọ́ńdọ̀nù. Agogo 5:00 tí tíkẹ́ẹ̀tì ìyá wa wí, agogo 6:00 tiwa ni. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ti lè tan ènìyàn jẹ. Bí ọkọ̀ kan bá gbéra ní Èkó ní agogo 11:30 alẹ́ ní oṣù Kejìlá tí ó sì balẹ̀ ní New York ní agogo 5:00 ìdájí, nọ́ńbà kan náà ni ẹ ó kà lórí tíkẹ́ẹ̀tì bíi ti ìyá wa. Ṣùgbọ́n aago New York fi wákàtí mẹ́fà rẹ̀yìn sí tiwa nígbà òtútù, nítorí náà agogo 11:00 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ó jẹ́ nílé. Wákàtí 11 àtààbọ̀ ni arìnrìn-àjò fi jókòó, kì í ṣe márùn-ún àtààbọ̀.

Oòrùn ni ó fa èyí. Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24, nítorí náà ó ń yí dígírì 15 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. New York wà ní nǹkan bí dígírì 77 sí ìwọ̀ oòrùn wa. Oòrùn tí ó ti dé àtàrí wa ní Múṣin ní láti tún rìn fún wákàtí márùn-ún ó lé díẹ̀ kí ó tó dé àtàrí tiwọn. Ṣùgbọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe iṣẹ́ oòrùn, àṣẹ ìjọba ni. Orí ìlà kan náà ni a fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Àwa ni a ń lo aago ìlà kan tí ó jìnnà sí ìlà oòrùn wa. Bí ẹ bá ń ṣọ́ òjìji yín, ẹ ó rí i pé oòrùn Èkó kì í sábà dé òkè pátápátá ní agogo 12:00 ọ̀sán, bí kò ṣe nǹkan bí agogo kan ku ìṣẹ́jú 15.

Àwọn òyìnbó tún máa ń sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n lè jẹ ìgbádùn ìmọ́lẹ̀ tí ó máa ń pẹ́ lójú ọ̀run wọn. Ní Ìlú Ọba, ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta ni wọ́n ń sún un síwájú, ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń dá a padà. Láàárín ìgbà náà, aago wọn àti tiwa dọ́gba. Amẹ́ríkà ní ọjọ́ tirẹ̀, ní oṣù Kẹta àti oṣù Kọkànlá. Àwa kì í sún tiwa rárá, nítorí pé ọ̀sán àti òru wa kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin.

Ohun kan tún wà tí ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dé pápá ọkọ̀ òfurufú lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ. Lójú àwa Yorùbá, òru Jímọ́ ṣì jẹ́ ti Jímọ́ títí àkùkọ yóò fi kọ. Lójú tíkẹ́ẹ̀tì, bí agogo méjìlá òru bá ti lù, Sátidé ti dé. Bí a bá kọ ọ́ pé agogo 12:30 òru Sátidé, ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ ni kí ẹ ti wà ní Ìkẹjà.

LÁTI ẸNU ỌNÀ DÉ ẸNU ỌNÀ

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí ìlú kan kì í béèrè iye máìlì. Ìrìn ọjọ́ mélòó ni? ni wọ́n ń béèrè. Nínú ìdáhùn náà ni ibi tí wọ́n ti máa sùn wà, àti odò tí wọ́n máa dúró de ọkọ̀ ojú omi, àti ọjà tí wọ́n máa yà. Mo gbà pé ìṣirò wọn dára ju tiwa lọ. Àwọn tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol lọ sí Ìlú Ọba láàárín ọdún 1951 sí 1974 náà mọ̀ pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn máa lò lójú òkun, wọ́n sì di oúnjẹ àti oògùn wọn bí ẹni tí ń lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1964 ni ọkọ̀ òfurufú VC10 kọ́kọ́ gbé èrò. Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ni ọ̀nà tí wọ́n fi ṣí i. Ìrìn ọ̀sẹ̀ méjì ti wá di ìrìn òru kan, a sì ti gbàgbé láti ka ohun tí ó wà ṣáájú àti lẹ́yìn òru ọ̀hún.

Ẹ ro èyí wò. Láti Ojúẹlẹ́gba dé pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, bóyá ni ọ̀nà náà fi ju kìlómítà 15 lọ. Ọkọ̀ òfurufú tí ó ti gun òkè tán ń rin kìlómítà 15 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyá wa lo wákàtí méjì gbáko lórí rẹ̀, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tí ó wà láti Múṣin dé Òṣòdì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Agogo 5:00 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n jáde nílé. Wọ́n dé Ìkẹjà ní agogo 7:00. Wọ́n jókòó títí di 11:30. Wọ́n balẹ̀ ní agogo 6:00 wa. Kí wọ́n tó kọjá àwọn tí ń yẹ pásípọ́ọ̀tù wò, kí ẹrù tó jáde, ó di 7:30. Kí àbúrò mi tó wà wọ́n dé Peckham, ó di 8:45. Wákàtí 15 àti ìṣẹ́jú 45 ni láti ẹnu ọ̀nà wa dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Nínú rẹ̀, mẹ́fà àtààbọ̀ péré ni ti ọkọ̀ òfurufú.

Iye yìí ni ó yẹ kí ẹ mú tọ dókítà lọ bí arìnrìn-àjò yín bá ń lo oògùn, pàápàá oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ má ṣe sọ fún un pé ìrìn wákàtí mẹ́fà ni. Ẹ kọ ìwé kékeré kan pẹ̀lú aago Èkó nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ kọ ibi tí oúnjẹ wà sí i, kí ó sì sọ fún yín ibi tí oògùn yóò bọ́ sí. Kí oògùn wà nínú báàgì ọwọ́, kí bísíkíìtì àti ohun dídùn díẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹrù tí a gbé sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kò ṣe é dé nígbà tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n.

Ìṣirò kan náà kan ẹsẹ̀. Ní ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹni tí ó bá jókòó sójú kan nínú ìrìn-àjò fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ń di ìlọ́po méjì fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu náà kéré fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Jíjókòó inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti ti gbọ̀ngàn ìdúró kò dá ẹsẹ̀ lára. Kí ìyá máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa mu omi. Ní ti aboyún, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í gbé ẹni tí oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 36, wọ́n sì ń béèrè ìwé dókítà láti ọ̀sẹ̀ 28. Ọjọ́ àbọ̀ ni kí ẹ fi ka oyún náà, kì í ṣe ọjọ́ àlọ nìkan.

Ẹ sì béèrè pápá ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n ń balẹ̀ sí, nítorí Lọ́ńdọ̀nù ní ju ẹyọ kan lọ. Heathrow wà ní ìwọ̀ oòrùn ìlú náà. Gatwick, tí iléeṣẹ́ Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ láti Èkó ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2024, wà ní gúúsù pátápátá. Ọmọ tí ó bá lọ dúró de ìyá rẹ̀ ní ọ̀kan nígbà tí ìyá wà ní èkejì yóò fi ọ̀pọ̀ wákàtí kún ìrìn náà láìsí ìdí.

Ìyá wa tún lọ ní oṣù Kẹfà ọdún tí ó tẹ̀lé e. Èmi ni mo kọ ìwé náà fún wọn, ní lẹ́tà gàdàgbà tí wọ́n lè kà láìlo awò. Mo di mọ́ínmọ́ín méjì sínú báàgì ọwọ́ wọn, wọ́n jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀. Nítorí aago Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa ti dọ́gba nígbà náà, agogo 6:00 ni tíkẹ́ẹ̀tì wí, agogo 6:00 náà ni wọ́n balẹ̀. Wọ́n pè wá láti Peckham ní agogo mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ní àwọn ti jẹun, àwọn ti lo oògùn, ọmọ sì ti hu eyín méjì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì ń sùn.